Wòlíì Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Ẹ̀rín pa Tòkunbọ̀ débi pé ó di ògiri mú kí ó má baà ṣubú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, lọ́dún 1964, níwájú pátákó ìkéde Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ní Challenge, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ẹtì ni ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́rin yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan sì ti lẹ bébà mọ́ pátákó náà:

"Ní agogo márùn-ún ìdájí, mo rí ìran. Báyìí ni Ẹ̀mí wí: Ẹ̀yin ará Dúgbẹ̀, ẹ ó tètè délé lọ́jọ́ Ẹtì, ọbẹ̀ yín kò tilẹ̀ ní í tutù. Ẹ̀yin ará Bódìjà, bàtà funfun yín yóò dára ju eré yín lọ. Ẹ̀yin ará Àgbówó, ẹ ó ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, ẹyẹ ojú ọ̀run ni yóò bà. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnì kan ní Òkè-Ìmọ́lẹ̀ tí ó ga bí òpó wáyà. Ó fò, ó forí sọ irin apẹ̀rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Kí ó gbààwẹ̀."

"Kí ó gbààwẹ̀!" Tòkunbọ̀ nu omijé ẹ̀rín nù. "Wòlíì, o ó pa wá o!"

"Rọra pariwo," ni Olúgbádé sọ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn.

Òun ló kọ ọ́. Ọmọ katikíìsì ni, láti Ṣàngó, èdè ilé ìsìn sì ti mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò wọn kan tó jẹ́ Aládùúrà ló ti rí bí wọ́n ṣe ń kọ ìran: wọn a kọ́kọ́ kọ aago, wọn a kọ ohun tí wọ́n rí, wọn a sì fi ààwẹ̀ parí rẹ̀, kí wọ́n tó gbé bébà náà lọ fún ẹni tó ni ín. Kò fẹ́ fi ti òpó wáyà yẹn sí i tẹ́lẹ̀. Tòkunbọ̀ ló ní, "Bí o kò bá fọwọ́ kan ti ilé wa, wọn á ní ojúsàájú lò ń ṣe." Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, Olúgbádé sì kọ ọ́.

Kò fi orúkọ sí i. Pírínsípà wọn, Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Oyèṣọlá, ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohun Ọlọ́run ṣeré. Olúgbádé gan-an sì ni pírífẹ́ẹ̀tì ilé ìsìn. Òun ni yóò ka ẹ̀kọ́ níbi ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá rẹ̀ sì ń bọ̀ wá gbọ́ ọ.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọn kò rí Gbádérọ̀ lórí pápá. Gbádérọ̀ ló ga jù nínú wọn, òun sì ni ẹsẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi ń rìn. Olúgbádé bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Sà tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù ń wá ọ. Kí ló dé?"

"Sọ fún Sà pé n kò gbá mọ́. Mo ń gbààwẹ̀."

"Nítorí bébà yẹn? Àwàdà mà ni!"

"Ta ló kọ ọ́?"

Olúgbádé bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà ṣe.

"O rí i?" Gbádérọ̀ kọjú sí ògiri. "N'Ígbòho, wọ́n rí ìran sí bàbá mi, pé kí wọ́n má gun igi lọ́sẹ̀ yẹn. Bàbá mi fi ṣe àwàdà. Wọ́n gùn ún."

Olúgbádé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí bàbá Gbádérọ̀ ṣe kú nìyẹn. Ó jáde, ó sì ròyìn fún Tòkunbọ̀.

"Panu mọ́ jàre," ni Tòkunbọ̀ wí. "Ebi ni yóò gbé e dìde. Àbí o fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nípò kí bàbá rẹ tó dé?"

Ó panu mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òòyì kọ́ Gbádérọ̀, ó sì wó lulẹ̀. Olúgbádé sáré gbé e jókòó.

"Gbádérọ̀, èmi ni mo kọ ọ́. N kò rí ìran kankan."

Gbádérọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Kí n lè gbá bọ́ọ̀lù lo ṣe ń purọ́. Ẹni tó máa kàwé ní ilé ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kò lè kọ irú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Olúgbádé lọ́kàn ju ẹgba lọ. Orúkọ rere tó ń dáàbò bò gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó fa Gbádérọ̀ lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì pírínsípà.

"Ìwọ, Olúgbádé?" Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì bọ́ awò ojú wọn. "Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó yọ báàjì pírífẹ́ẹ̀tì tó wà láyà rẹ̀, ó fi í lé orí tábìlì.

Gbádérọ̀ wo báàjì náà títí. Ta ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ purọ́?

"Ìwọ ni lóòótọ́!" Ó pariwo mọ́ ọn. "Mi ò sùn, Olúgbádé! Mo ń rí bàbá mi!" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀bà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà àná, gbogbo rẹ̀ ló kọjá lójú mi báyìí! Ọ̀dẹ̀!"

Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì yára kọjú sí fèrèsé, èjìká wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n máa yíjú padà, wọ́n ti fajú ro. Wọ́n gba báàjì, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, Bándélé, ka ẹ̀kọ́ dípò rẹ̀, wọ́n sì ní kí Olúgbádé fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Gbádérọ̀ láti ilé ìdáná.

Gbádérọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì na Bódìjà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nínú àṣekágbá, ó fò, ó fò, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ará Àgbówó fi àmì ayò kan ṣoṣo gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kò sì ba ẹyẹ kankan. Gbogbo pápá ló ń pariwo, "Wòlíì èké dà?" Olúgbádé na ọwọ́ sókè, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìlà ẹ̀yìn ló jókòó sí. Bándélé kàwé, ó kà á dáadáa. Lẹ́yìn ìsìn, bàbá Olúgbádé pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì ti sọ fún mi."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Ó dùn mí pé n kò gbọ́ ohùn rẹ lónìí." Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ ní ọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀, òun ni mo ti ń gbàdúrà pé kí o lè sọ láti ọjọ́ tí a ti bí ọ."

Ọkàn Olúgbádé fúyẹ́. Ó ti wá mọ̀ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tó ń dun onítọ̀hún. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá sì ṣe ọmọnìkejì léṣe, kí ó tètè jáde wá kí ó ní, "Èmi ni," ohunkóhun tí ìbáà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.