Ẹ Wọn Àyè Páwà Páàkì Kí Ẹ Tó Rà Á

Orí tábìlì kékeré kan ní pálọ̀, láàárín fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, ni ìyàwó káfíńtà kan ti ń ya àwòrán ilé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí bàtà lọ, torí ibi tí tábìlì náà parí sí ni bẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà náà dún "táù!" ó sì kú. Òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo yàrá.

"Mo gbé!" Obìnrin náà sáré yọ wáyà lára ògiri. "Àwòrán ilé ìgbẹ̀bí wà nínú rẹ̀!"

Ọdún méje ló fi yàwòrán ní ọ́fíìsì ẹlòmíràn, tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ilé ìgbẹ̀bí yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé náà máa gbà á. Bí kò bá dé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yẹ̀ ẹ́ wò. "Páwà páàkì ló jóná," ó ní, "àpótí irin tó ń gba iná ògiri, tó ń sọ ọ́ di èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò. Ohun tó kù ò bàjẹ́. Ẹ wá òmíràn."

Ọkọ rẹ̀ ní òun á rà á. Kò-Mì ni àwọn aládùúgbò ń pè é, torí àga tó bá kàn kì í mì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé páálí ńlá kan wọlé tayọ̀tayọ̀.

"Ẹgbẹ̀rún wáàtì! Wò ó, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára. Ó tún ń tan iná aláràbarà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni mo sì rà á."

Ṣùgbọ́n kò wọnú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tì í síwá, wọ́n tì í sẹ́yìn, kò wọlé.

"Ìyẹn ò ṣòro," ni Kò-Mì wí. "Màá kan ilé pákó fún un níta, wáyà á gba ojú ihò wọlé."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kàn án, ó ti kùn ún, ìdérí rẹ̀ sì sé pinpin. Ọkàn ìyàwó rẹ̀ ò balẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní títún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó wo ẹrù tó wà lórí tábìlì. "Ìyàwó mi, ta ló kú tí ọkọ rẹ fi kan pósí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni Kò-Mì wí. "Páwà páàkì ló wà níbẹ̀."

"Pósí náà ni mo ń wí." Ó ṣí ìdérí, ó gbé páwà páàkì náà jáde. "Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é. Kò sí àmì àyẹ̀wò kankan. Ẹgbẹ̀rún wáàtì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Èyí tó jóná lánàá kú lóun nìkan. Irú eléyìí, bó bá ń kú lọ, ó lè ba ibi tí àwòrán ìyàwó rẹ wà jẹ́. O tún wá sé e mọ́nú pákó! Ibo ni ooru máa gbà jáde? Àwọn ọmọ ń sùn níhìn-ín o."

Kò-Mì ti ilé pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé o lè kan ilẹ̀kùn láìwọn ojú rẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Láéláé!"

"Kí ló wá dé tó o ra eléyìí láìwọn ibi tó máa jókòó?"

Kò-Mì họrí, ó fa téèpù yọ. Wọ́n wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga àyè tí páwà páàkì máa jókòó sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n ní irú kékeré tí wọ́n ń kọ SFX sí lára ló máa wọ̀ ọ́. Wọ́n wá ṣírò iná tí ohun kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà náà ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ ò tó wáàtì 300.

"Wáàtì 450 ti tó," ni ẹ̀gbọ́n wí, "á sì tún ku àyè ìmí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iye tí wọ́n ń ta ojúlówó ò ní ju agbára wa lọ?" ni ìyàwó béèrè.

"Ẹ yọ iná aláràbarà kúrò, ẹ yọ wáàtì tẹ́ ẹ ò nílò kúrò, ẹ máa rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí iye tẹ́ ẹ ra ayédèrú yìí."

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbé e padà ní Ọjọ́rú. Ẹni tó tà á kùn, ṣùgbọ́n ó gbà á, torí wọn ò tíì tan án. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ó ra kékeré tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é àti gáráńtì ọdún mẹ́ta.

"Wáyà ti àtijọ́ gùn ju tirẹ̀ lọ," ni Kò-Mì wí bí ẹ̀gbọ́n ti ń dè é mọ́nú kọ̀ǹpútà. "Ẹ jẹ́ ká lò ó."

"Má dán an wò!" ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ẹnu wọn lè jọra kí ìtò iná inú wọn yàtọ̀, ìyẹn sì lè jó kọ̀ǹpútà náà."

Ìyàwó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí jẹ́jẹ́. Àwòrán ilé ìgbẹ̀bí yọ, odindi, títí dé ibi tí obìnrin náà bá iṣẹ́ dé. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wọn àyè kí ẹ tó ra páwà páàkì. Ẹ ṣírò iná tí kọ̀ǹpútà yín ń jẹ, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Ẹ wá orúkọ ẹni tó ṣe é lórí ayélujára, ẹ ka ohun tí àwọn tó ti dán an wò sọ, ẹ sì gba gáráńtì. Wáyà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Ẹ má dí ojú ihò ooru rẹ̀, ẹ má sì tú inú rẹ̀, torí iná máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ lára ògiri. Bí owó yín ò bá pọ̀, wáàtì tí ẹ ò nílò ni kí ẹ dín kù; ẹ má torí owó ra ayédèrú.