Abọ́ Tí Mo Pè Ní Màmá

Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan purọ́ níbí, kí ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́ má ṣiṣẹ́ mọ́. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀. Orí mi pé.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń wá ìdí tí egbò àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fi í jinná bọ̀rọ̀. A ó bu awọ aláìsàn bíńtín, a ó tọ́jú u sínú abọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ títí yóò fi tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìlà yẹn ni egbò. Awọ ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń pa dé láàárín ọjọ́ kan. Ti oní-ṣúgà a la ẹnu sílẹ̀.

A kì í kọ orúkọ sára abọ́, nọ́ńbà nìkan ni. Ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Ọ̀gá Rúlà lẹ́yìn rẹ̀ torí pé ó lè wọn òjìji ara rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ awọ tí òun ń wò. Ṣùgbọ́n mo mọ abọ́ kọkàndínlógún. Awọ màmá mi ni, èmi ni mo bù ú lára wọn.

Oṣù méje ni egbò ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Màmá. "Ẹ̀wà tí mo gbé kaná lẹ́ẹ̀kan ti jinná," ni wọ́n máa ń wí, "ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò jinná." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Dókítà ní bí egbò náà kò bá sún kì títí di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà láti ojúgun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé abọ́ náà jáde. Ìlà rẹ̀ ṣì là gbòòrò. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú."

Fóònù mi dún.

"Kí lo ń pè mí sí?" Màmá ni, láti ilé.

"Mi ò pè yín, mà."

"O pè mí. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ. Mo sì ti jẹ́."

Mo tún wo abọ́. Ìlà náà ti sún mọ́ra.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́: ṣé ẹ̀ bá dákẹ́? Mo tún pe abọ́ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, ẹ̀ẹ̀mẹta. Fóònù ń dún ní gbogbo ìgbà. Lọ́jọ́bọ̀, mo pè, kò dún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà tú báńdéèjì. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Awọ ti pa dé, ó ń dán.

"Màmá, ẹ ti bọ́!" mo ní.

Wọn ò wò mí. Mo tún pè wọ́n. Wọn ò dáhùn. Mo gbé omi fún wọn.

"Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí. "Ẹ kú wàhálà."

Ìyá tó bí mi ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí láàbù, kò sí ìlà kankan nínú abọ́ kọkàndínlógún mọ́.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí," Ọ̀gá Rúlà ní. "Da bíléèṣì sí i, kó o jù ú nù."

"Ó ti yé mi, sà."

Mo ṣí omi nínú síǹkì kó lè gbọ́. Abọ́ ti wà nínú báàgì mi. Mo gbé e dé ilé, mo fi í sórí tábìlì nínú yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò tún pè é mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Lánàá, Màmá fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wá bá mi ní pálọ̀. Ojú wọn kún fún àánú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá obìnrin tó wà nínú yàrá tí ẹ tì yẹn wá ọmọ rẹ̀. Ó ti ń pe ọmọ ẹ̀ láti àárọ̀, ọmọ náà kò jẹ́."