Àtàndá, Ọmọ Zulfah

Mọ́tò tí Roqeeb gbé wọ Ẹdẹ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ó gbé e kọjá níwájú mọ́sálásí, ó gbé e kọjá níwájú Pólì, ó tún ṣẹ́rí padà, kí ẹni tí kò rí i tẹ́lẹ̀ lè rí i wàyí. Ilẹ̀ sàréè ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì gbẹ o. Àwọn ará ilé sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni màmá náà ti ń já ewúro, ara rẹ̀ le koko. Wọ́n ní ó kàn gbórí sókè, ó ní, "Hẹ̀ẹ́n, mo ń bọ̀," bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pè é, ló bá ṣubú lulẹ̀. Roqeeb sunkún lọ́jọ́ náà dé ibi tí ẹkún dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló ra mọ́tò.

Teslim, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rí mọ́tò náà bó ṣe ń kọjá. Orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wọn ló wà, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó ń ṣe lórí ẹ̀. Wọ́n ti lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ló gba òun àti Roqeeb. Ẹdẹ ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí, wọ́n ń kọ kóòdù áàpù tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára: orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá. Iṣẹ́ tí Roqeeb bá gbà láàárọ̀, ọ̀sán ló ń dá a padà. Ti Teslim á dọ̀la, á dọ̀túnla, ọ̀sẹ̀ á fẹ́ẹ̀ parí. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló máa ń bà á kí nọ́ọ̀sì má lọ tìtorí àṣìṣe rẹ̀ gún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Nítorí náà kò jẹ́ kí kóòdù rẹ̀ kan ọmọ èèyàn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dán an wò lórí ọmọ tí kò sí. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọmọ náà sílẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ó sọ ọ́ ní Àtàndá, ó sì wá ìyá fún un, Zulfah. Kò sí Àtàndá kankan níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Zulfah. Bí nǹkan bá máa bàjẹ́, orí Àtàndá ni kó bàjẹ́ sí.

Ó máa ń bẹ Roqeeb pé kó yẹ àwọn ìdánwò yẹn wò kó tó fi iṣẹ́ tiẹ̀ ránṣẹ́. "Ta ló ráàyè?" ni Roqeeb máa ń wí. Kò ṣí i rí.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn pe Teslim lórí fóònù. "Iṣẹ́ rẹ dáa, ṣùgbọ́n o ti lọ́ra jù. Oníbàárà ò lè máa dúró dè ẹ́. Má bínú." Ó tán síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìdí Teslim kò gbélẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá rìn dé títì, á padà wálé, á ṣí kọ̀ǹpútà, á tún pa á dé. Ìyá rẹ̀, Àwáwù, ló ń rò. Ní àdúgbò Alajue ni obìnrin náà ti ń se epo pupa láti ìgbà tí bàbá Teslim ti kú, èéfín iná sì ti ń bá àyà rẹ̀ jà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ògiri ló máa ń dì mú. Teslim ti ṣèlérí fún un pé ọdún yìí ni yóò fi iná epo sílẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ mú ìlérí ṣẹ báyìí? Bí ìyá bá bi í láàárọ̀ pé, "Iṣẹ́ ń lọ?" á ní, "Ó ń lọ, Màámi," á sì yíjú sí ògiri.

Ìgbà náà ni Roqeeb wá bá a.

"O ṣì ń lọ́ra, ọ̀rẹ́ mi. Bàbá kan wà lọ́nà Awo. Iṣẹ́ tiwọn kì í pẹ́ rárá."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Àdúà ni. Wọ́n á ṣí ọ̀nà fún ẹ. O ò ní mú nǹkankan dání."

Irọ́ gbáà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ń ni kì í bèèrè púpọ̀. Lẹ́yìn ìrun àílà, wọ́n wọ mọ́tò ọlọ́ràá náà, wọ́n kọrí sọ́nà Awo, wọ́n yà sínú igbó.

Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò ní fèrèsé. Ohun tí Teslim kọ́kọ́ rí ni bàtà. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà, ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé, aláǹtakùn ti ta òwú sínú òmíràn. Ó dẹtí sílẹ̀, kò gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé. Níbo wá ni àwọn tó ni bàtà wà?

"Bọ́ tìẹ, jẹ́ ká wọlé," Roqeeb sọ fún un.

Ojú ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, òkùnkùn gbé wọn mì. Yàrá náà ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń dúńbú ẹran. Àtùpà kékeré kan ń jó nílẹ̀, ìkòkò dúdú kan wà nídìí rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan sì jókòó ti ìkòkò. Bàbá Kíákíá ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe oníṣègùn, kì í sì í ṣe olórìṣà. Àwọn olórìṣà Alajue gan-an kì í kí i bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń jẹ.

"Jókòó, má ro nǹkankan," ó wí. "Ta ló fẹ́ràn rẹ jù láyé?"

Teslim kò fura. "Ìyá mi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Na ọwọ́."

Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, abẹ ti là á níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìkòkò. Teslim gbọ́ bí ìkòkò ṣe gbé e mì, gbúù, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ.

"Wàá pe orúkọ ìyá rẹ sínú ìkòkò yìí, wàá pè é mọ́ orúkọ ìyá tó bí i. Ibi yòówù kó wà, yóò jẹ́. Bó bá ti jẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wá síbí, owó á máa wá sọ́dọ̀ rẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Hẹ̀ẹ́n, mo ń bọ̀. Teslim rántí ìyá àgbà Roqeeb pẹ̀lú ewúro lọ́wọ́. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Roqeeb ń tẹ fóònù, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

"Bí mi ò bá pè é ńkọ́, Bàbá?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà? Àwọn tó bi mí nírú ẹ̀ ló ni wọ́n. Bí o ò bá pe ẹlòmíràn, èmi á pe Teslim ọmọ Àwáwù. Ọ̀rẹ́ rẹ ti fún mi lórúkọ yín." Ó kọjú sí Roqeeb. "Ìwọ náà mọ òfin. Bí ẹni tí a pè kò bá jẹ́, ìwọ tí o mú olùpè wá ni ìkòkò yóò pè."

"Mo gbà, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá."

Yálà kí Teslim pe ìyá rẹ̀, tàbí kó kú síbẹ̀. Nínú ìdààmú yẹn, orí rẹ̀ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: má fi kan èèyàn, kọ́kọ́ dán an wò.

"Mo ní àbúrò kan," ó wí. "Ó fẹ́ràn mi ju ìyá mi lọ."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Àtàndá. Zulfah ló bí i."

Roqeeb gbójú kúrò lára fóònù. "Àtàndá? Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn níbì kan."

Bí Roqeeb bá ti ka ìdánwò yẹn rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn.

"Ọmọ bàbá mi ni. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ sí Ìlọrin ló bí i."

Roqeeb ronú díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Fóònù dún, ó padà sídìí ẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é jàre, mo ń kánjú."

Bàbá Kíákíá na ọwọ́ lé ìkòkò. "Àkùkọ kì í pe ojúmọ́ kí ojúmọ́ má mọ́. Ohùn kì í ké sí òkè kí òkè má dáhùn. Orúkọ tí a bá pè lónìí, kó jẹ́ kíá, kó wá kíá. Pè é."

Teslim pè é. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bẹ́ẹ̀ iná kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohùn kan jáde nínú rẹ̀, ohùn Teslim gan-an, ó ń pe Àtàndá ọmọ Zulfah. Ilẹ̀ mì. Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ìkòkò tún pè é. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Kíákíá.

"Ọmọ yìí, níbo ni Àtàndá wà?"

"Kò sí níbì kankan, Bàbá."

Ìkòkò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan, ó rọra ń pe ọmọ wá jẹun. "Roqeeb. Roqeeb o."

Roqeeb kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Hẹ̀ẹ́n, Ìyá, mo ń bọ̀."

Fóònù já bọ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ lábẹ́ èékánná rẹ̀, kò kán sílẹ̀, ńṣe ló ń fà lọ sínú ìkòkò bí òwú tín-ín-rín. Awọ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ eegun, ojú rẹ̀ wọnú. Ó lanu láti pe Teslim, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ. Inú ìkòkò ni Teslim ti gbọ́ ọ. Bàbá Kíákíá fò mọ́ ìdérí. Ìkòkò pè é ní orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mọ́ ọn lágbègbè náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, kò wá ku èyí tí yóò fi di ẹnu, ẹnu sì jẹ́.

"Teslim." Ohùn Àwáwù ni. "Teslim, ọmọ mi."

Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èèyàn tó ń lọ́ra ni. Ó fi eyín bu ahọ́n náà jẹ títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún ẹ̀jẹ̀, ó fò kọjá lórí bàtà, ó gba inú igbó lọ lẹ́sẹ̀ lásán, láìwẹ̀yìn.

Ọlọ́kadà kan ló gbé e dé Alajue. Ìyá rẹ̀ wà nídìí iná, ó ń bu epo. "Teslim, kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?" Kò dáhùn, àfi ìgbà tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, tó rí i pé ó gbóná. Ló bá bú sẹ́kún. "Màámi, wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní mo lọ́ra."

"Mo ti mọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í tẹjú mọ́ ògiri." Ó wúkọ́, ó fi etí aṣọ nu ojú ọmọ rẹ̀. "Bí mo bá kánjú bu epo yìí, omi ni màá tà fún èèyàn. Jókòó, kóo bá mi kó igi."

Ó bá a kó igi lọ́jọ́ náà, àti lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọdẹ tó dé ilé inú igbó bá bàtà Roqeeb lórí òkìtì bàtà ẹnu ọ̀nà, wọn kò rí èèyàn, wọn kò rí ìkòkò. Lẹ́yìn tí òjò tán, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Awo gba Teslim. Ìyá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ pé àwọn tó yára ti ba àkọsílẹ̀ àwọn jẹ́ tó. Nígbà tí owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Àwáwù fi iná epo sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lójú ọ̀sán, bí ilé bá pa rọ́rọ́, Roqeeb máa ń pè é láti ẹ̀yìn ògiri. "Teslim, jáde wá, ọ̀nà ti là." Teslim á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lánàá, ohùn ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó rìn yí ilé po, ó dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀ títí ìyá fi tún pè é níṣojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Màámi?"

"Èmi ni o. Mo ti ń pè ẹ́ láti àárọ̀. O ti lọ́ra jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Teslim wí.