Ìlà Ìkẹyìn Lórí Ìwé Ayùnrẹ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà láti má gbà á gbọ́. N kò rí i.

Ní ọdún 1953, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú ewé gbígbẹ: a ó lẹ ẹ̀ka igi mọ́ ìwé fífẹ̀, a ó sì kọ orúkọ igi náà, ibi tí a ti gé e àti ọjọ́ tí a gé e sísàlẹ̀. Wọ́n rán mi lọ sí igbó kan lẹ́yìn Àtàn-Ọ̀tà, nídìí ayùnrẹ́ kan. Àwọn òyìnbó ti gé ẹ̀ka lára igi kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1911 àti 1932. Mo mú ìwé méjèèjì dání.

Láwàlì ni yóò gun igi náà. Ará Ọ̀tà ni, ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, aya rẹ̀ sì wà nínú oyún. Kò mọ ìwé kà. Àṣà iṣẹ́ wa sì ni pé kí akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ àtijọ́, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún agungi, kí ẹsẹ̀ tó kan igi.

Mo kà á. Igi gíga. Ẹ̀ka apá ìlà-oòrùn. Òdòdó funfun.

Ó ku ìlà kan. Ọwọ́ ẹni tó kọ ìwé méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlà náà kò yàtọ̀: Ẹ̀ka balẹ̀. Agungi kò sọ̀ kalẹ̀.

N kò kà á. Mo ní bóyá ẹni kejì kàn da ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kọ ni. Ojú sì tì mí láti fi bébà dẹ́rù ba àgbàlagbà.

"Ó parí?" Láwàlì bi mí.

"Ó parí, bọ̀dá."

"Ẹ di ìwé yín mú dáadáa, akọ̀wé. Atẹ́gùn ibí yìí ò lọ yunifásítì."

Mùkáílà, agungi kejì, bú sẹ́rìn-ín. Láwàlì fi igbà kọ́ra mọ́ igi, ó gòkè. Ewé bò ó.

A gbọ́ àdá. Kó. Kó. Ẹ̀ka kan balẹ̀ níwájú mi. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n gbogbo ewé rẹ̀ ti ká mọ́ra, bí ewé ayùnrẹ́ ti máa ń ṣe nírọ̀lẹ́.

"Ó tó, bọ̀dá! Ẹ máa bọ̀!"

Kò dáhùn. Àdá kò dúró. Ẹ̀ka mìíràn kò sì jábọ́.

Mùkáílà gun igi náà dé ṣóńṣó. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú igbà lára.

"Kò sí ẹnì kankan lókè."

"Àdá yẹn ńkọ́?"

"Òkè orí mi ni mo ti ń gbọ́ ọ."

"Ṣé igi ṣì wà lókè orí yín ni?"

"Rárá. Ojú ọ̀run ni."

Kí wọ́n tó kí ìrun àlásárì, Rùkáyátù, aya Láwàlì, tí Mùkáílà lọ pè, dé. Kò sunkún. Ó tẹ́tí sí àdá náà, bí ẹni tó ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Akọ̀wé, wọ́n ní ẹ ka ìwé fún un kó tó gòkè."

"Mo kà á."

"Ẹ kà á fún èmi náà."

Mo kà á. Igi gíga. Ẹ̀ka apá ìlà-oòrùn. Òdòdó funfun. Mo fo ìlà ìkẹyìn.

"Ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

Mo wo ikùn rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Lókè, àdá dúró.

Rùkáyátù gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Ẹ tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kà á tán," ó ní, jẹ́jẹ́.