Ibi Tí Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Ń Bọ́ Sí

Fàlílátù ń to ẹja sórí ààrò lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ rí Tìrìmísíyù, bíríkìlà láti Ìkòròdú. Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́dún 1955. Fàsásì, bàbá Fàlílátù, ló ránṣẹ́ pè é, torí òjò ọdún tó kọjá ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri títí ìpìlẹ̀ fi yọ síta.

Kọnkéré ni Tìrìmísíyù fẹ́ fi yí ilé náà ká. Ó kan èèkàn, ó ta okùn, ó wọn ẹsẹ̀ bàtà méjì láti ara ògiri.

"Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́," ni Fàlílátù wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ò ní bọ́ sórí kọnkéré yín o. Ìta rẹ̀ ló máa bọ́ sí, á sì gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀."

Tìrìmísíyù rẹ́rìn-ín. "Arẹwà, ẹja lo mọ̀. Jẹ́ kí n mọ símẹ́ńtì."

Fàlílátù gbé garawa omi, ó gun àkàsọ̀, ó da omi sórí páànù. Omi ṣàn wálẹ̀, ó kọjá okùn bíríkìlà dáadáa.

Ojú ti Tìrìmísíyù, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn lọ́nà tí kò yé òun gan-an. Ó fa èèkàn tu.

"Ó di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta," ó wí. "Kí lorúkọ rẹ?"

Ọ̀sẹ̀ méjì niṣẹ́ náà gbà. Kó tó parí, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Fàsásì ò sì bá wọn jà. "Lọ mú àwọn èèyàn rẹ wá," ló sọ fún Tìrìmísíyù.

Àmọ́ nílé wọn ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, Ṣẹ̀rífátù, ìyá Tìrìmísíyù, fárígá.

"Ọmọbìnrin tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ tí o fi ń jẹun? Mi ò gbà!"

"Ìyá mi, òótọ́ ló sọ."

"Òótọ́ ọ̀hún gan-an ni mi ò fẹ́!"

Fàsásì gbọ́, ó ní òun ò ní fọmọ fún ilé tí wọn ò ti fẹ́ ẹ. Fàlílátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ògiri yàrá Ṣẹ̀rífátù sán láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

"Màá da kọnkéré yí i ká," ni Tìrìmísíyù wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní kan èèkàn kankan títí Fàlílátù á fi wò ó."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. "Kó wá wò ó, kó sì máa lọ."

Tìrìmísíyù lọ bẹ Fàsásì pé iṣẹ́ lásán ni, Fàsásì fúnra rẹ̀ sì mú ọmọ rẹ̀ wá. Fàlílátù kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé, mà. Mi ò mọ ilé yìí, ẹ̀yin lẹ ń gbénú rẹ̀. Tójò bá rọ̀, níbo lomi máa ń dúró sí?"

Ẹnu ya Ṣẹ̀rífátù. Látọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun kan nípa ilé náà rí. Ó di gèlè rẹ̀ le, ó fa Fàlílátù lọ́wọ́, wọ́n jọ yí ilé ká.

"Ibí ni. Tọ̀hún, àgbàlá aládùúgbò ló ti ń ṣàn wá."

Fàlílátù ń ri igi mọ́lẹ̀ níbi gbogbo tí Ṣẹ̀rífátù nawọ́ sí. "Kọnkéré tibí ló máa fẹ̀ jù lọ, mà. Kó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó rẹlẹ̀ lápá òde, kómi má baà padà wá."

"Tìrìmísíyù, ṣó o gbọ́?" ni ìyá rẹ̀ pariwo.

"Mo gbọ́, ìyá mi!"

Nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí Tìrìmísíyù ti da kọnkéré náà tán, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Omi dé etí kọnkéré, ó yà lọ. Ṣẹ̀rífátù bọ́ sínú òjò, ó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí kọnkéré, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Bí òjò ti dá, Ẹ̀pẹ́ ló gbà lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú Fàsásì.

"Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Èmi náà ni mo wá tọrọ rẹ̀."

"Ẹ dìde, ìyá," ni Fàsásì wí. "Ọmọ yín ni."

Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n so yìgì ní Ẹ̀pẹ́. Àáfà ò tíì bi Fàlílátù tán tó fi dáhùn pé, "Mo gbà á!" Gbogbo ilé hó yèè. Tìrìmísíyù ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti wà láàárín agbo, ó ń jó.