Wẹ́dà Tó Ń Wo Òrùlé

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì rẹ̀ tó kán lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà òdìkejì títì, ó sì bá a tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòjú irin. "Ẹṣin, fò. Rárá, wọ́n á jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ báyìí?"

Wẹ́dà ṣí ìbòjú. Ojú tì í díẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀sì ni, ayò àwọn òyìnbó. Tí mo bá ti bojú báyìí, iná nìkan ni mò ń rí. Mo wá ń to ọba àti ẹṣin sínú orí, mò ń wá bí ọba ṣe máa kú."

"Ọba wo ló ṣẹ̀ yín?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí oníbàárà bá ti wọ́n, Aránṣọ á lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà wẹ́dà, á máa ka àlọ́ bí ọba ṣe máa kú látinú ìwé ṣẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tó ti gbó fún un. Wẹ́dà á máa jó irin lọ, á sì máa já àlọ́. "Ayaba mi, tún ibẹ̀ kà." Tí ọba kan bá ṣì wà láàyè, ara wẹ́dà kì í balẹ̀, kò ní jẹun. Ara Aránṣọ náà kì í balẹ̀ bí kò bá tíì rí i. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ọjọ́ tí wẹ́dà fẹ́ lọ tọrọ Aránṣọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, jìnnìjìnnì bò ó lẹ́nu géètì.

"Gba àlọ́ kan, kí ara ẹ lè balẹ̀," ni Aránṣọ wí. Ó sọ ibi tí ọba dúdú wà ní igun, ó sọ ibi tí ẹṣin funfun wà. "Ta ẹ̀ẹ̀mejì, kó kú."

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi bá ọmọ tó ń wo òrùlé ní kíláàsì jà. Òrùlé gan-an sì ni wẹ́dà jókòó ń wò nínú pálọ̀ rẹ̀.

"Ṣé wàá tọ́jú ọmọ mi?" Bàbá bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ètè wẹ́dà ń mì, àlọ́ ló ń já, kò gbọ́.

"Ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi nínú pálọ̀ mi, ṣé ó máa gbọ́ ti ọmọ mi nínú ilé tiẹ̀? Máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, wẹ́dà wá sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo ti ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ọba yẹn ò kú, ayaba mi. Ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ló ń sá sí."

Aránṣọ ṣí ìwé. Ọmọ ayò kan, ilé-ìṣọ́ dúdú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, tó dí i lọ́nà. Òun ló gbàgbé láti dárúkọ rẹ̀. Ó ju ìwé sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ.

"Bàbá mi, àlọ́ ẹṣin àti ọba ló ń já lánàá. Èmi ni mo rán an níṣẹ́ tí kò ṣeé jẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Bàbá wò ó títí. "Ní kó padà wá. Kó má sì kó ẹṣin kankan wá o."

Lẹ́nu géètì lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ, Aránṣọ tún fẹ́ pa àlọ́. "Má sọ nǹkan kan," ni wẹ́dà wí. "Bàbá nìkan ni mo fẹ́ rí lónìí."

Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Wẹ́dà kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ṣé wàá tọ́jú ọmọ mi?"

"Màá tọ́jú ẹ̀, sà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gidigidi."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Bàbá bi í lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ ti gbójú sókè, ètè rẹ̀ ń mì. Ìbẹ̀rù ti jẹ́ kó pa àlọ́ fún ara rẹ̀.

"Ó ti kó o ràn án," ni bàbá wí.

Wẹ́dà fọwọ́ kàn án léjìká. "Ayaba mi, wọ́n ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Aránṣọ ta gìrì. "Mo fẹ́ ẹ, bàbá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ẹ má bínú, ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí màá ta kí ọba tó kú."

Bàbá fẹ̀yìn ti àga.

"Parí ẹ̀," ló wí. "A máa dúró."