Opó Káfíńtà àti Ohun tí Onídìrí Mọ̀

Ọ̀sán gangan ni káfíńtà kú. Ó ń fá pákó ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kí omi tó dé, ó ti dojú bolẹ̀ sáàárín èérún igi. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ń ṣàìsàn. Ẹni ogójì ọdún ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ dìde láàárín àwọn akọrin, ó kọrin ọpẹ́ dópin, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe.

Onídìrí, ìyàwó àbúrò káfíńtà, wà lẹ́yìn, owú ń jó o nínú bí iná. Ilé kan náà ni òun àti télọ̀ ń gbé. Ọdún méje ló ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ, kò sẹ́ni tó fi í ṣe àwòkọ́ṣe rí. Télọ̀ ti bímọ mẹ́ta, ọkọ ti kẹ́ ẹ. Àjálù wá dé, àjálù náà tún ń sọ ọ́ di ẹni iyì.

Nígbà tí wọ́n délé, ó lọ bá ìyá ọkọ wọn.

"Màmá, ṣé ẹ rí i? Ọkọ kú, omi ò bọ́ lójú ẹ̀."

"Mo rí i."

"Mi ò sọ pé ó ṣe nǹkan o. Àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń jáde lójoojúmọ́. Ẹyẹ dúdú kan sì máa ń bà sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀ lásìkò yẹn gan-an."

Ìyá gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò. Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn láìrán. Ìyá kò jẹ oúnjẹ télọ̀ mọ́. Àbíkẹ́yìn télọ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ní, "Màámi, kí ni wọ́n ń pè ní àjẹ́?" Télọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Onídìrí gbọ́ ìbéèrè náà láti yàrá tirẹ̀, ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀. Nǹkan kan wà tí òun nìkan mọ̀. Oṣù kan ṣáájú ikú yẹn, káfíńtà di àyà mú lẹ́nu ọ̀nà ibi tó ti ń dìrí, ó ń làágùn. Ó fi káàdì ọsibítù hàn án: àìsàn ọkàn ni. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnì kankan. Àyà wọn á já." Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn díẹ̀ pé òun mọ ohun tí télọ̀ kò mọ̀.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Ìyá ní kí òun àti onídìrí tẹ̀lé télọ̀. Wọ́n dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹyẹ fò lórí òrùlé, Ìyá di apá onídìrí mú pinpin. Ohùn télọ̀ ń bọ̀ láti inú.

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?" Ìyá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Inú ń bí mi sí Ọ, Olúwa. Orin tí mo kọ yẹn, ẹnu lásán ni. Ṣé oúnjẹ mi ló pa á ni? Ṣé mi ò tọ́jú ẹ̀ tó? Mi ò níbòmíì tí mo lè lọ. Dì mí mú. Bí mo bá ní kí O fi mí sílẹ̀, má gbà."

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn. Télọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ bo ẹnu, ojú rẹ̀ wú.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ẹkún ni, Màmá. Mi ò fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́."

Onídìrí wọlé, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó ti rò pé Ọlọ́run bu ìgbàgbọ́ fún obìnrin yìí ju tòun lọ ni.

"Àǹtí, oúnjẹ yín kọ́. Àìsàn ọkàn ni. Bọ̀ọ̀dá fi káàdì hàn mí, wọ́n ní kí n má sọ."

"Wọ́n ti kú báyìí. Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mò ń jowú yín."

Ìyá jókòó sílẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Télọ̀ kò pariwo. "Jáde," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, onídìrí dìde níwájú ìjọ, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọwọ́ télọ̀ padà, ṣùgbọ́n télọ̀ kò bá onídìrí sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, télọ̀ kanlẹ̀kùn onídìrí.

"Mò ń lọ gbàdúrà. Mi ò tíì lè dárí jì ọ́, agbára láti ṣe é ni mo fẹ́ lọ tọrọ. Tó o bá ń bọ̀, wọ bàtà."

Onídìrí ń wá bàtà, omijé kò jẹ́ kó ríran.